Bí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní ìgbèríko Ẹ̀pẹ́ ṣe lè múra de pàjáwìrì ọkàn

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún nọ́ọ̀sì, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè (CHO àti CHEW) àti ọ̀gá ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní àwọn abúlé àti etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, láti apá Agbọ́wà títí dé Ejìnrìn, níbi tí dókítà kì í sábà sùn mọ́jú. Ẹ kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣí iṣan ọkàn tó dí, kò sì sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ohun mẹ́rin ni iṣẹ́ tiyín: kí ẹ tètè mọ̀ pé ọkàn ló ń ṣe aláìsàn, kí ẹ fún un ní ìwọ̀nba oògùn tó yẹ, kí ẹ má fún un ní èyí tó máa ba nǹkan jẹ́, kí ẹ sì gbé e kúrò lọ́dọ̀ yín kíákíá. Ohun tó sábà máa ń dá irú iṣẹ́ yìí dúró kì í ṣe àìmọ̀wé. Kọ́kọ́rọ́ kọ́ńbọ́ọ̀dù tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ sílé ni, sílíńdà ọ́síjìn tó ti tán ni, nọ́ńbà fóònù tí kò lọ mọ́ ni.

1. Ẹ wọn ọ̀nà kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ẹ kọ orúkọ gbogbo ilé ìwòsàn tí ẹ lè gbé aláìsàn lọ sílẹ̀: Jẹ́nẹ́rà Ẹ̀pẹ́, Jẹ́nẹ́rà Agbọ́wà, Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú fún àwọn tó wà lápá Itoikin, LASUTH (ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó) ní Ìkẹjà. Àwọn tó múlé gbe Ìjẹ̀bú lè fi Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù kún un, nítorí aláìsàn kò mọ ààlà ìpínlẹ̀. Ẹ pe ẹ̀ka pàjáwìrì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ béèrè ohun mẹ́rin. Ṣé ECG yín, ẹ̀rọ tó ń ya ìlà ìlù ọkàn sórí pépà, ń ṣiṣẹ́ lóru? Ṣé dókítà wà lórí iṣẹ́ lóru àti lọ́jọ́ Àìkú? Ṣé ẹ ní oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, bíi streptokinase, alteplase tàbí tenecteplase? Ṣé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún ọkàn ní iná wà, ṣé ó sì ń ṣiṣẹ́? Ẹ kọ ìdáhùn wọn pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ béèrè, kí ẹ sì tún béèrè níbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, torí oògùn tó wà lóṣù tó kọjá lè ti tán.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn iye ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ ń lò láti ẹnu géètì yín dé ibẹ̀: lọ́sàn-án, lóru, lọ́jọ́ òjò, àti lọ́jọ́ tí ọjà ẹja Olúwo bá kún. Ìṣirò yìí ló máa sọ ibi tí ẹ máa yà sí. Iṣan tó dí kì í dúró de ọkọ̀. Bí ìṣẹ́jú ṣe ń lọ ni ẹran ara ọkàn ń kú. Ìlànà tí àwọn oníṣègùn ọkàn ń tẹ̀ lé ni pé, tí wọn kò bá ní lè ṣí iṣan náà láàárín 120 ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ECG ti fi hàn pé ó dí pátápátá, kí wọ́n fún aláìsàn ní oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì níbi tó súnmọ́ jù lọ, tí ìrora náà kò bá tíì ju wákàtí 12 lọ. Agbára oògùn yìí pọ̀ jù lọ ní wákàtí méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́. Láti ìgbèríko Ẹ̀pẹ́, 120 ìṣẹ́jú lè lọ sójú ọ̀nà nìkan tí ọ̀nà Lẹ́kí bá há. Èrò tiwa ni pé jẹ́nẹ́rà tó súnmọ́ yín, tó ní oògùn náà àti dókítà tó lè fún un, sàn ju ilé ìwòsàn ńlá tí ẹ kò ní débẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Nọ́ńbà pàjáwìrì Ìpínlẹ̀ Èkó ni 112 àti 767, owó kì í lọ lórí wọn. Ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ wọ́n sára ògiri yàrá ìtọ́jú, yàrá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru àti ilé olùṣọ́ géètì, pẹ̀lú nọ́ńbà jẹ́nẹ́rà àti ti awakọ̀ méjì tó ń gbé ládùúgbò. Ẹ wá ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń mú dáadáa nínú ọgbà, kí ẹ kun ún lọ́dà kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà lè mọ̀ ọ́n. Ẹ ní láìnì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí fóònù ilé ìwòsàn, kí owó má sì tán lórí rẹ̀.

Abúlé tó bá jẹ́ pé orí omi ni ọ̀nà rẹ̀, ọlọ́kọ̀ ojú omi méjì ni kí ẹ bá ṣe àdéhùn, kì í ṣe ẹyọ kan. Kí wọ́n jẹ́ ẹni tó ń sùn sí abúlé. Kí jálá epo kan wà nípamọ́ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìlera wọ́ọ̀dù, kí ẹnikẹ́ni má fi rin ìrìn àjò mìíràn. Kí áńbúláǹsì tàbí mọ́tò ti máa dúró ní èbúté kejì kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Ibi tí àkókò ti ń ṣòfò jù nìyẹn, torí ẹni tó ń pe mọ́tò ló sábà máa ń jókòó sínú ọkọ̀ tí kò ní nẹ́tíwọ̀kì.

2. Àpótí pàjáwìrì ọkàn

Kí ó jẹ́ àpótí kan ṣoṣo, tí a lè fi ọwọ́ kan gbé. Kọ́kọ́rọ́ kò gbọ́dọ̀ sí lára rẹ̀. Okùn rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń so wáyà ni kí ẹ fi so ó: kí ó jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè já nígbà ìṣòro, ẹ ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹnìkan ti ṣí i. Àpótí tí kò ní okùn yóò di ibi tí wọ́n ti ń mú plásítà àti sírínjì lójoojúmọ́, títí tí kò fi ní sí nǹkan kan níbẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ.

Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀:

- Aspirin 300 mg, ó kéré tán ẹyọ 10. Tàbí 75 mg, ẹyọ 40 (mẹ́rin ni fún aláìsàn kan)
- Clopidogrel (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) 75 mg, ẹyọ 8
- Glyceryl trinitrate (oògùn tó ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀) ti abẹ́ ahọ́n, ìgò kan
- Furosemide (oògùn tó ń mú kí aláìsàn tọ omi jáde) abẹ́rẹ́ 20 mg nínú 2 ml, ẹyọ 6
- Adrenaline 1 mg nínú 1 ml, ẹyọ 10
- Kánúlà (ọ̀pá oníke tí wọ́n ń fi sínú iṣan) nọ́ńbà 18 àti 20, mẹ́ta-mẹ́ta. Sírínjì 2, 5 àti 10 ml. Omi iyọ̀ 10 ml fún fífọ kánúlà
- Báàgì àti ìbòjú fún fífún aláìsàn ní èémí, ti àgbàlagbà àti ti ọmọdé. Ọ̀nà èémí oníke nọ́ńbà 2, 3 àti 4
- Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọ́síjìn lórí ìka, ẹ̀rọ ìfúnpá pẹ̀lú àwọ̀tẹ́lẹ̀ apá (aṣọ rẹ̀ tí wọ́n ń wé mọ́ apá) kékeré àti ńlá, ẹ̀rọ ṣúgà
- Réésà, aṣọ ìnura, sísọ́ọ̀sì, tọ́ọ̀ṣì, bírò àti ìwé ìtọ́kasí tí ẹ ti kọ orúkọ ilé ìwòsàn yín sí tẹ́lẹ̀

Ooru àti ọ̀rinrin etí ọ̀sà ń ba oògùn jẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ tó pé. Ẹ ṣí ìgò aspirin, kí ẹ gbé e súnmọ́ imú. Tí ó bá ń ta sánsán bíi fínígà, ó ti bàjẹ́, ẹ dà á nù. Kóró glyceryl trinitrate kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ìgò dúdú tó bá wá. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára rẹ̀, kí ẹ sì jù ú nù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8. Èyí tí wọ́n ń fọ́n sábẹ́ ahọ́n máa ń pẹ́ jù ú lọ, ẹ ra ìyẹn tí owó bá tó o. Adrenaline tó bá ti pọ́n tàbí tó ti ní àwọ̀ ilẹ̀ kò wúlò mọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀tẹ́lẹ̀ apá ìfúnpá kì í ṣe ohun kékeré. Tí ó bá kéré fún apá ẹni tó sanra, yóò fi ìfúnpá tó ga ju bó ṣe rí lọ hàn, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò sí níbẹ̀.

Ọ́síjìn: ẹ má sọ pé “sílíńdà wà”. Ẹ sọ iye ìṣẹ́jú tó wà nínú rẹ̀. Sílíńdà E tó kún gba nǹkan bíi lítà 680. Tí ẹ bá ṣí i sí lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan, 136 ìṣẹ́jú ni, kò tó wákàtí méjì ààbọ̀. Tí ọwọ́ gééjì bá ti wà ní ìdajì, wákàtí kan lé díẹ̀ ló kù, ẹ̀yin tí ẹ sì ti wọn ọ̀nà yín mọ̀ bóyá ìyẹn á gbé yín débẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́ dára nínú ilé, àmọ́ iná ló ń jẹ. Tí NEPA bá mú iná lọ, tí epo kò sì sí nínú jẹnẹrétọ̀, àga lásán ni. Kí spánà tí wọ́n fi ń ṣí sílíńdà wà ní síso mọ́ ọrùn sílíńdà náà.

3. ECG àti AED, tí ẹ bá ní in

ECG tó ń lo bátìrì ni kí ẹ rà. Ẹ fi sí iná lálaalẹ́. Ẹ ní pépà róòlù méjì nípamọ́, níbi tí oòrùn kò dé, torí pépà rẹ̀ máa ń dúdú nínú ooru, ohun tí ẹ sì tẹ̀ sórí rẹ̀ máa ń parẹ́. Nítorí náà, ẹ ya fọ́tò gbogbo ECG lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí wọ́n ń lẹ àwọn wáyà ECG mẹ́fà, V1 dé V6, mọ́ láyà: V1 wà ní àlàfo kẹrin láàárín egungun ìhà, lápá ọ̀tún egungun àyà, V2 wà ní ọ̀gangan rẹ̀ lápá òsì. Ẹ kọ́kọ́ wá V4 kí ẹ tó lẹ V3: àlàfo karùn-ún, ní ìlà tó sọ̀ kalẹ̀ láti àárín egungun ọrùn òsì. V3 bọ́ sáàárín V2 àti V4. V5 àti V6 wà ní ọ̀gangan V4, ìkan níwájú abíyá, ìkejì ní àárín abíyá gan-an. Fún obìnrin, abẹ́ ọmú ni V4 sí V6 ń lọ, kì í ṣe orí rẹ̀. Ẹ fa kọ́tìnnì, kí obìnrin ṣe é fún obìnrin níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí ẹ sì fi ìborùn bo ohun tí kò pọn dandan kó ṣí. Ìyá tí ojú ń tì kì í dúró jẹ́ẹ́, ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ á sì ba ìlà náà jẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wáyà ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí ọwọ́ òsì. Tí gbogbo ìlà nínú “lead I” (ojú ìwòye kìíní lórí pépà) bá dojú kọlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo wáyà yín.

Ẹ kò ní láti mọ gbogbo rẹ̀ kà. Ẹ wo bóyá ìlà tó tẹ̀ lé ṣóńṣó gíga tí ìlù ọkàn kọ̀ọ̀kan yà sórí pépà ti gbéra sókè nínú ojú ìwòye méjì tó fara kínra. Bó gbéra, bí kò gbéra, ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí dókítà jẹ́nẹ́rà, ẹ bo orúkọ aláìsàn, kí ẹ sì kọ ọjọ́ orí rẹ̀, ìgbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀ àti ìfúnpá rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. ECG tó mọ́ kò ní kí aláìsàn máa lọ sílé. Tí àyà bá ṣì ń dùn ún, ẹ tún un yà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 sí 30.

AED, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún ọkàn tó dákẹ́ ní iná, kò nílò dókítà. Òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀. Ẹ gbé e sára ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń rí i. Ẹ máa wo iná kékeré ara rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ àti ọjọ́ tó wà lára páàdì rẹ̀. Páàdì tó ti gbẹ kì í lẹ̀ mọ́ra, iná rẹ̀ kò sì ní wọlé dáadáa.

4. Láti géètì: ta ni kí ó má tò sórí ìlà?

Olùṣọ́ géètì àti ẹni tó ń kọ káàdì ló máa kọ́kọ́ rí aláìsàn. Ẹ kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ tí aláìsàn máa ń sọ lẹ́nu, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé: “Àyà ń fún mi pinpin.” “Ó dà bíi pé wọ́n gbé ọlọ lé mi láyà.” “Ọwọ́ òsì mi ti wúwo.” “Ó ń ta lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.” “Mi ò lè mí.” “Ọkàn mi ń já, ojú mi sì ṣókùnkùn.” Ẹni tó bá sọ ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, tàbí tí òógùn tútù bò láìsí oòrùn, kò gbọ́dọ̀ dúró de káàdì. Kẹ̀kẹ́ ìjókòó ni kí wọ́n gbé pàdé rẹ̀ lára ọ̀kadà. “Bàbá, ẹ má sọ̀ fúnra yín o, ẹ jẹ́ ká gbé yín”: ọ̀rọ̀ tí olùṣọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ sórí nìyẹn.

Àwọn mẹ́ta kan wà tí àyà lè má dùn rárá: obìnrin, àgbàlagbà, àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Ó lè jẹ́ èébì, àárẹ̀ òjijì, èémí kúkúrú, tàbí inú òkè tó ń ta. “Ọgbẹ́ inú” ni wọ́n sábà máa ń pè é, wọn á sì fún un ní oògùn funfun olómi kan kí ó máa lọ. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, tó sọ pé ọgbẹ́ inú òun bẹ̀rẹ̀ lónìí lójijì, tí òógùn sì bò ó, ẹ ya ECG rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé abiyamọ. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ láàárín oṣù márùn-ún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kò lè sùn láìgbé ìrọ̀rí méjì-mẹ́ta sórí, tó ń wúkọ́ lóru, kì í ṣe òtútù àyà lásán. Ọkàn rẹ̀ lè ti rẹ̀ nítorí oyún. Wọ́n máa ń fi oògùn ikọ́ dá wọn padà sílé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ohun èlò ìgbọ́àyà sí wọn lẹ́yìn.

5. Ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́

Ẹni méjì ni kí ó ṣe é. Ẹnìkan kò gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn. Ìkejì ló máa pe fóònù, tó máa gbé àpótí, tó sì máa wá ọkọ̀. Tí ẹnìkan ṣoṣo bá wà lórí iṣẹ́ lóru, olùṣọ́ géètì ni ẹnì kejì, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti kọ́ ọ ṣáájú.

Ẹ mú aláìsàn jókòó, kí ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ tì. Ẹ wo aago, kí ẹ kọ àsìkò tó dé àti àsìkò tí ìrora bẹ̀rẹ̀. “Láti àárọ̀” kò tó; ẹ béèrè bóyá ṣáájú kírun àsùbáà ni àbí lẹ́yìn rẹ̀, ṣáájú kí ó tó lọ sódò àbí nígbà tó dé.

Ìfúnpá apá méjèèjì, ìlù ọkàn, iye èémí, ọ́síjìn orí ìka, ṣúgà. Tí ìka ìyá bá ní làálì dúdú, ẹ̀rọ náà lè ṣìwà. Ẹ wá ìka tí kò ní, tàbí etí. Ó tún máa ń fi iye tó ga díẹ̀ ju òtítọ́ lọ hàn lára àwọ̀ dúdú, nítorí náà tí aláìsàn bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, ojú yín ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ya ECG. Kí gbogbo èyí má kọjá ìṣẹ́jú 10 láti géètì.

Aspirin 300 mg, kí ó jẹ ẹ́ lẹ́nu, kí ó rún un dáadáa kí ó tó gbé e mì. Tí ó bá gbé e mì lódindi, ó máa pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ má fún ẹni tó ń bì ẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, tí aspirin ti fẹ́ pa rí, tàbí tí ẹnu rẹ̀ yí tí apá kan sì kú. Tí ìrora náà bá dà bíi pé nǹkan ń ya láyà dé ẹ̀yìn, tí ìfúnpá apá kan sì fi ju 20 lọ ju ti apá kejì, iṣan ńlá lè ti ń ya: ẹ dá aspirin dúró, ẹ pe dókítà.

Glyceryl trinitrate, ẹyọ kan lábẹ́ ahọ́n, kí ó jókòó. Ẹ má fún un tí ìfúnpá òkè (nọ́ńbà àkọ́kọ́) bá ti wà lábẹ́ 90. Ẹ sì béèrè, ní ìkọ̀kọ̀, bóyá ó lo oògùn tí ọkùnrin fi ń lágbára: sildenafil láàárín wákàtí 24, tadalafil láàárín wákàtí 48. Ẹ má béèrè é níwájú ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀, torí kò ní sọ òtítọ́, ìfúnpá rẹ̀ sì lè já lulẹ̀ lójijì. Tí ìrora kò bá lọ, tí ìfúnpá sì dára, ẹ lè tún un fún un lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, kí ó má ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ.

Ẹ fi kánúlà sí i lọ́wọ́, ẹ dì í. Clopidogrel dúró de àṣẹ dókítà lórí fóònù: ẹyọ mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́, ẹyọ kan fún ẹni tó ti lé ní ọdún 75.

6. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀

Dírípù. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ẹbí kì í gbà pé wọ́n ti tọ́jú èèyàn wọn títí wọn á fi rí omi tó gbé kọ́. Ọkàn tó ti rẹ̀ kò lè fa omi lítà kan. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa kún sí, aláìsàn á sì rì lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Kánúlà nìkan tó. Ẹ ṣàlàyé fún ẹbí pé omi yẹn ló lè pa á.

Diclofenac. Abẹ́rẹ́ yìí ni ọwọ́ kọ́kọ́ máa ń lọ sí tí wọ́n bá gbọ́ “ìrora”. Ó ń pa ọkàn tí iṣan rẹ̀ ti dí lára, bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tí abẹ́rẹ́ gún nínú ẹran ìdí lè máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú tí wọ́n bá wá fún un ní oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì.

Nifedipine tí wọ́n gún tàbí tí wọ́n bẹ́ sábẹ́ ahọ́n kí ìfúnpá lè já lulẹ̀ kíákíá. Ìfúnpá á já lóòótọ́, ọkàn àti ọpọlọ á sì pàdánù ẹ̀jẹ̀ lójijì. Ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá.

Ọ́síjìn fún ẹni tí ọ́síjìn rẹ̀ wà ní 90 sókè tí kò sì ń mí pẹ̀lú ìnira: kò ràn án lọ́wọ́, ó sì ń tán sílíńdà. Epo pupa, mílíìkì àti àgbo tí wọ́n rọ lọ́nà: ẹ má fi kún un, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà. Kí ó má rìn lọ sílé ìgbẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì dúró de owó káàdì kí aspirin tó dé ẹnu aláìsàn.

7. Nígbà tí èémí ló ń dà á láàmú

Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn kò tọ́jú ló ń sọ ọkàn di aláàárẹ̀ jù lọ, nítorí náà ẹ ó rí irú aláìsàn yìí ju èyí tí iṣan dí lọ. Kò ní lè dùbúlẹ̀. Ẹ má sì dù ú pé kí ó dùbúlẹ̀, kódà kí ẹ lè ya ECG. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ fún un ní ọ́síjìn tí iye orí ìka rẹ̀ bá wà lábẹ́ 90. Furosemide 40 mg sínú iṣan, díẹ̀díẹ̀, tí ìfúnpá òkè bá lé ní 90. Tí ìfúnpá bá ga, glyceryl trinitrate lábẹ́ ahọ́n máa ràn án lọ́wọ́. Ẹ gbé ike ìtọ̀ súnmọ́ ọn, kí ẹ kọ iye tó tọ̀.

8. Tí ọkàn bá dákẹ́

Kò dáhùn, kò mí, tàbí ó kàn ń mí gìrọ̀-gìrọ̀ bí ẹni tó fẹ́ hanrun: ọkàn ti dákẹ́. Ẹ má fi ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ wá ìlù ọrùn.

Ẹ gbé e sí orí ilẹ̀ tàbí pátákó líle. Fóòmù máa ń jẹ agbára yín. Ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ sí àárín àyà, ìdajì ìsàlẹ̀ egungun àyà, ọwọ́ kejì lórí rẹ̀, apá gbọọrọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé 5 sí 6 sẹ̀ǹtímítà, 100 sí 120 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ jẹ́ kí àyà padà sókè tán lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe bí ẹni ń gúnyán; ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ kúrò lára.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa kíkà. Tí ẹ bá ń ka “mọ́kànlélógún, méjìlélógún”, ọ̀rọ̀ náà gùn ju títẹ̀ lọ, ọwọ́ á sì máa falẹ̀. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje, ẹ̀jọ, ẹ̀sán, ẹ̀wá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọgbọ̀n nìyẹn, ó sì yẹ kó parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 18. Lẹ́yìn náà, èémí méjì pẹ̀lú báàgì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí àyà kàn gbéra. Ẹni tó bá fún báàgì jù, inú ló ń fẹ́ kún, èébì á sì tẹ̀ lé e. Ẹ pààrọ̀ ẹni tó ń tẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú méjì, kódà tó bá sọ pé kò tíì rẹ òun.

AED: ẹ tan án ní kété tó bá dé. Apẹja tàbí ẹni tí òjò pa, ẹ nu àyà rẹ̀ gbẹ kọ́kọ́. Irun àyà tó dí, ẹ fi réésà fá a. Páàdì kan sábẹ́ egungun ọrùn ọ̀tún, ìkejì sí ẹ̀gbẹ́ òsì lábẹ́ abíyá. Gbogbo ènìyàn kúrò lára, títí kan ẹbí tó di ẹsẹ̀ mú. Lẹ́yìn tí iná bá ti wọlé, ẹ má dúró wo ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ máa tẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú méjì. Ìdí tí a fi ń kánjú ni pé ìrètí ìyè ń dín kù ní nǹkan bíi ìdá 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí iná yìí fi pẹ́, tí kò sì sẹ́ni tó ń tẹ àyà. Adrenaline 1 mg sínú iṣan ní gbogbo ìṣẹ́jú 3 sí 5, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n fún bá wà. Tí ó bá jẹ́ aboyún tí ikùn rẹ̀ ti dé ìdodo, kí ẹnìkan fi ọwọ́ méjì ti ikùn náà sápá òsì ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń tẹ̀.

9. Gbígbé e lọ

Ẹ pe jẹ́nẹ́rà kí ọkọ̀ tó kúrò, kì í ṣe lójú ọ̀nà. Ẹ sọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n àti aago tí ẹ fún un. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó máa gbà á. Ìwé ìtọ́kasí gbọ́dọ̀ ní ìgbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀, ìfúnpá méjèèjì, ECG gan-an pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀, àti ohun tí kò lè lò. Òṣìṣẹ́ kan tó mọ àyà tẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a lọ, pẹ̀lú báàgì èémí àti AED. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ mú ẹni tí èémí ń dà láàmú jókòó sí àárín, kí ẹnìkan wà lẹ́yìn rẹ̀ láti gbé e ró, kí gbogbo yín wọ jákẹ́ẹ̀tì omi. Kí pátákó pẹlẹbẹ kan wà nínú ọkọ̀ náà, torí ẹ kò lè tẹ àyà lórí àga ọkọ̀.

10. Ìdánrawò

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láìsọ tẹ́lẹ̀, kí ọ̀gá ké “Àyà!” ní ẹnu géètì, kí ó sì wo aago. Ìrọ̀rí líle tí ẹ dì mọ́ pátákó tó fún àyà. Ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: ìṣẹ́jú tí àpótí fi dé, ìṣẹ́jú tí ECG fi jáde, ìṣẹ́jú tí ẹnu jẹ́nẹ́rà fi dáhùn. Ṣe é lóru nígbà mìíràn, kí iná lọ, kí tọ́ọ̀ṣì nìkan wà, torí òru ló máa ń fi àṣìṣe hàn.

Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ẹnìkan náà ni kí ó wo àpótí: okùn, ọjọ́ oògùn, gééjì ọ́síjìn, bátìrì, pépà, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé tó wà lára ìdérí rẹ̀. Lẹ́yìn aláìsàn gidi, ẹ rọ́pò ohun tí ẹ lò lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó lọ sílé, kí ẹ sì so okùn tuntun mọ́ ọn. Oògùn tó kù fún oṣù mẹ́ta kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ń lò ó lójoojúmọ́, kí ẹ gba tuntun padà, kí ẹ má baà máa sọ owó nù. Owó àtúnrà yẹn, ẹ kọ ọ́ sínú ètò ìnáwó mẹ́ta-mẹ́ta oṣù tí ẹ ń fi ránṣẹ́ fún owó ìlera ìpìlẹ̀ ìjọba àpapọ̀, kí ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù yín sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú yín.